Ta Ló Pa Àwọn Obìnrin Whitechapel? Ẹ Bèèrè, Mo Dáhùn

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi nílé lóko. Ọ̀rọ̀ fíìmù kan ṣoṣo ló gba àpò lẹ́tà wa lóṣù yìí, From Hell, èyí tí àwọn ìbejì ọmọ Amẹ́ríkà kan, Albert àti Allen Hughes, gbé jáde ní 2001, tó tún wá ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn báyìí láti Kabba títí dé Ègbè. Ẹni tí ò bá tíì wò ó, ìtàn apànìyàn kan ni tó ń fi ọ̀bẹ pa àwọn obìnrin lóru ní Whitechapel, ìlà-oòrùn London, ní 1888, tí wọ́n ń pè ní Jack the Ripper torí wọn ò mọ orúkọ ẹ̀, wọn ò sì tíì mọ̀ ọ́n dòní. Johnny Depp ló ṣe Abberline, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń wá a kiri, Heather Graham ló ṣe Mary Kelly. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá fẹ́ mọ ìparí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó, ẹ fo ojú ìwé yìí o, torí màá tú u sílẹ̀ tìdítìdí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Èmi àti baálé mi wo fíìmù yìí tán ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Òun ní dókítà ọbabìnrin ló pa àwọn obìnrin yẹn, pé òyìnbó fúnra wọn ló fi hàn, wọn ò ṣáà ní parọ́ mọ́ ilé ọba wọn. Èmi ní fíìmù lásán ni. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?" (Tíṣà kan, Kabba)

Ẹ̀yin lẹ jàre, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ẹ rọra sọ ọ́ fún baálé yín, torí kì í ṣe òun nìkan ni fíìmù yẹn mú lọ bẹ́ẹ̀. Dókítà tí wọ́n di ẹ̀sùn yẹn rù, Sir William Gull, èèyàn gidi ni, ó sì tọ́jú Ọbabìnrin Victoria lóòótọ́. Àmọ́ 1816 ni wọ́n bí i. Nígbà tí wọ́n fi máa pa obìnrin àkọ́kọ́ ní ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì 1888, bàbá náà ti di ẹni ọdún 71, rọpárọsẹ̀ sì ti kọlù ú lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tó sì di Jánúárì 1890 ó ti kú. Ẹ wá bá mi rò ó, bàbá arúgbó tí rọpárọsẹ̀ ti bá jà, òun ló ń rìn kiri Whitechapel lóru, tó ń pa èèyàn nínú òkùnkùn láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, tó sì ń di àwátì kí ọlọ́pàá tó yí padà dé? Kò wọ̀ mí létí rárá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọmọọba. Fíìmù ní Prince Albert Victor, ọmọ ọmọ ọbabìnrin, lọ fẹ́ ọmọbìnrin tálákà kan ní bòókẹ́lẹ́, ọmọbìnrin náà bímọ fún un, ni wọ́n bá rán dókítà tó jẹ́ Freemason, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ kan, pé kó lọ pa gbogbo obìnrin tó mọ̀ sí àṣírí náà. Kò sí ibì kankan tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé tí àwọn ọlọ́pàá 1888 kọ. Àwọn ọdún 1970 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbilẹ̀, Stephen Knight ló fi ṣe ìwé ní 1976, ọkùnrin tó sọ ìtàn ọ̀hún fún un, Joseph Sickert, ló tún wá sọ fún ìwé ìròyìn ní 1978 pé irọ́ lòun pa nípa apá tó kan ìpànìyàn yẹn. Ọmọọba fúnra ẹ̀, wọ́n máa ń kọ ibi tó bá lọ sílẹ̀, ó sì hàn gbangba pé ní Sẹ̀tẹ́ńbà 30, òru tí wọ́n pa obìnrin méjì pọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá ẹ̀ ló wà ní Balmoral, lókè lọ́hùn-ún ní Scotland. Àwọn tó ṣe fíìmù yìí ò kúkú lọ wádìí ẹjọ́, ìwé ìtàn aláwòrán tí Alan Moore àti Eddie Campbell ṣe ni wọ́n sọ di fíìmù, ìwé aláwòrán yẹn sì gbé ara lé ìtàn Knight.

Mo mọ ohun tó jẹ́ kó dùn mọ́ baálé yín. Àwa náà mọ bí ẹjọ́ ọlọ́lá ṣe máa ń wọlẹ̀ lọ láìdún, tí wọ́n bá wá sọ fún wa pé àwọn alágbára ló wà nídìí ẹ̀ ara wa á kàn gbà á ni. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ dùn kọ́ ni ẹ̀rí, ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ ṣe apànìyàn níwájú gbogbo ayé sì ní ọmọ, ó ní ìdílé, kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án nígbà ayé ẹ̀. Ìyẹn ò dára lójú mi, kí fíìmù dùn tó bó ṣe lè dùn.

"Ẹ kú ọjọ́ o. Mo wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ìlú lóru ní agbègbè Mopa. Tí àjèjì bá wọ ọ̀dọ̀ wa lágogo kan òru, kó tó rìn dé ìdajì ìlú a ti mọ̀. Báwo ni London tó kún fọ́lọ́pàá báyẹn ò ṣe rí ẹnì kan ṣoṣo mú? Àbí wọn ò fẹ́ mú un ni?" (Ọmọ ẹ̀ṣọ́ ìlú, Mopa)

Ẹ kú ìṣọ́ o, ẹ kú ewu òru. Lásìkò ajínigbé tá a wà yìí, ẹ̀yin àti àwọn ọdẹ lẹ jẹ́ ká máa sùn, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ̀yin náà.

Ìdáhùn ìbéèrè yín wà nínú ohun tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ yẹn. Ẹ mọ àjèjì torí ẹ mọ onílé. Ní Mopa, tẹ́nì kan bá wọ̀lú, wọ́n á bi í pé ọmọ ta ni, ọ̀dọ̀ ta lo wá, tí ò bá sì ní ìdáhùn, ọmọdé tó ń ta omi pàápàá á ti máa wò ó. Ní Whitechapel, ta ni yóò bi ta ni? Àwọn ọlọ́pàá kà á lọ́dún yẹn, ilé tí wọ́n ti ń san owó bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́ tó 233 ní agbègbè yẹn nìkan, àwọn bí 8,500 ló ń sùn síbẹ̀, ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lónìí, o lè má rí i mọ́ lọ́la, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè orúkọ bàbá rẹ tó o bá ti sanwó. Wọ́n wá láti Ireland, wọ́n wá láti Poland, wọ́n wá láti oko. Ibi ìpẹran tún pọ̀ ládùúgbò, kí èèyàn máa rìn lọ ní ìdájí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ láṣọ kì í ṣe ohun tí wọ́n á torí ẹ̀ kígbe. Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò kí wọ́n mọ̀ bóyá tèèyàn ni àbí tẹran, ìmọ̀ ìyẹn ò tíì dé. Ìtẹ̀ka tá a fi ń mú olè lónìí, 1901 ni Scotland Yard, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá London, ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ́fíìsì ẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n gbìyànjú ṣá o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n káwọ́ gbera. Nígbà tó fi máa di Ọkitóbà, wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá àwọn tó lé ní 2,000 lẹ́nu wò, wọ́n tọpa bí 300, wọ́n ti ti èèyàn 80 mọ́lé. Ẹ tún wo òru Sẹ̀tẹ́ńbà 30 yẹn. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Watkins kọjá ní Mitre Square lágogo kan ààbọ̀, ó tan iná ẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ibẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ó yípo adúgbò ẹ̀ bó ṣe máa ń yí i, ó padà débẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú 16 kí agogo méjì lù, òkú Catherine Eddowes ló bá nílẹ̀. Ìṣẹ́jú 14 péré ló wà láàrin, ẹ jọ̀ọ́! Èmi rò pé apànìyàn náà mọ ẹsẹ̀ ọlọ́pàá gan-an ni, tó bá sì jẹ́ pé àwọn ọlọ́pàá ò máa rìn bí agogo báyẹn ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Ẹ̀yin náà ẹ má máa gba ọ̀nà kan ní aago kan náà lójoojúmọ́.

Ohun tó tún bà á jẹ́ ni pé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá méjì ló wà níbẹ̀, Mitre Square bọ́ sábẹ́ ọlọ́pàá City, àwọn ibi yòókù wà lábẹ́ Metropolitan, kálukú ló sì ní ọ̀gá tiẹ̀. Lóru yẹn náà, wọ́n rí ègé épúrọ́ọ̀nù Eddowes tó ní ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Goulston Street, wọ́n tún rí ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri níbẹ̀ nípa àwọn Júù. Àwọn City ní kí wọ́n dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n lè ya fọ́tò ẹ̀, Sir Charles Warren, ọ̀gá Metropolitan, ní kí wọ́n nù ún kíá, ẹ̀rù ń bà á pé táráyé bá rí i, wọ́n á dojú ìjà kọ àwọn Júù adúgbò. Mi ò lè bá a wí tán, torí ìjà yẹn ì bá pa ju èèyàn kan lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n nù ún, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀ṣọ́ ìlú náà wà ní Whitechapel, ẹ̀yin ará mi. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà 1888 ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kóra jọ, wọ́n fi kọ́lékọ́lé kan tó ń jẹ́ George Lusk ṣe ọ̀gá, wọ́n ń sanwó fún àwọn ọkùnrin tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa fi kóńdó àti fèrè ṣọ́ òru. Lusk yìí ni ẹnì kan fi páálí kékeré ránṣẹ́ sí ní Ọkitóbà 16, ìdajì kíndìnrín ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan tí wọ́n kọ "From hell" sí lókè, ibẹ̀ ni fíìmù ti yọ orúkọ ẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n kọ orúkọ Jack the Ripper sí nísàlẹ̀ ti dé ilé iṣẹ́ ìròyìn kan ṣáájú, ní Sẹ̀tẹ́ńbà 27, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá kan sì sọ lẹ́yìn náà pé àwọn gbà pé oníròyìn kan ló kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ síwèé ìròyìn báyìí ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, àwọn aláìníṣẹ́ ló ń kọ wọ́n, ọlọ́pàá sì ní láti máa kà wọ́n. Ẹ mọ ohun tí àhesọ WhatsApp máa ń ṣe fún iṣẹ́ yín nígbà tí wọ́n bá jí èèyàn gbé, ohun kan náà ni.

"Ẹ káàárọ̀ sà. SS2 ni mo wà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo fẹ́ dà. Ṣé lóòótọ́ ni Abberline máa ń rí ìran kí wọ́n tó pa èèyàn, tó sì ń mu òpíọ̀mù?" (Ọmọ ilé ìwé, Ègbè)

Rárá, ọmọ mi, irọ́ gbáà ni, inú mi sì dùn pé o béèrè kó o tó lọ máa wá ìran. Frederick Abberline gidi, 1843 ni wọ́n bí i, ó kọ́ṣẹ́ aago kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì ṣe bí ọdún 14 ní Whitechapel kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ńlá. Nígbà tí ìpànìyàn yìí bẹ̀rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi dá a padà ni pé kò sí ojúlé tí ò mọ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ni agbára ẹ̀, ó mọ àwọn èèyàn adúgbò. Nínú fíìmù, òpíọ̀mù ló pa á ní kékeré. Ní ti òótọ́, ó fẹ̀yìn tì ní 1892, ó ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni, ó gbé pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, ó sì dàgbà dàgbà kó tó kú ní 1929, ẹni ọdún 86.

Nígbà tó di 1903, wọ́n yẹgi fún ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní George Chapman torí ó fi májèlé pa ìyàwó mẹ́ta, Abberline sì sọ fún oníròyìn pé òun fura pé ọkùnrin yẹn ni Ripper. Ìwọ tó o fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, bi ara ẹ: ẹni tó ń fi ọ̀bẹ pa obìnrin tí ò mọ̀ rí, ṣé òun náà ló máa wá jókòó máa fi májèlé pa ìyàwó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Àwọn kan ní ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà á. Kọ tìẹ ránṣẹ́, kó o sọ ìdí ẹ̀. Kọ́ kẹ́místírì ẹ dáadáa o.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn òpópónà inú fíìmù yẹn ṣì wà. Ọmọ mi wà ní London, màá ní kó ya fọ́tò wá." (Oníṣòwò, Ìsánlú)

Kì í ṣe London ni wọ́n ti ya fíìmù yẹn, Prague ní Czech ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ Whitechapel tiwọn láti ìpìlẹ̀. Tí ọmọ yín bá dé Whitechapel gidi, kó wá Durward Street, Buck's Row ni wọ́n ń pè é ní 1888, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òkú Mary Ann Nichols, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n pa. Ilé 29 Hanbury Street tí wọ́n ti pa Annie Chapman, obìnrin kejì, ní àgbàlá ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ ti wó, wọn ò fi sílẹ̀. Mitre Square ṣì wà.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ pé 1888 ni ìtàn fíìmù tí àwọn ọmọ ń wò yìí. Bàbá bàbá mi máa ń sọ pé nígbà yẹn, orí òkè làwọn èèyàn wa ń sá lọ. Ṣé àsìkò kan náà ni?" (Bàbá arúgbó kan, Ìyàrà)

Àsìkò kan náà ni, Bàbá wa, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mẹ́nu bà á. Ní 1888, ogun Núpé láti Bida ṣì ń wọ ilẹ̀ Okun, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń bu owó òde lé àwọn ìlú tó jẹ́ pé èèyàn ni wọ́n fi ń san án. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ìlú wa fi ní ahoro lórí òkè nìyẹn. Royal Niger Company ti wà ní Lokoja nígbà yẹn, 1886 ni ìjọba Victoria fún wọn níwèé àṣẹ, òwò ni wọ́n ń bá kiri lójú odò, kò tíì kàn wọ́n. Ó di Jánúárì 1897 kí ọmọ ogun Goldie, ọ̀gá Royal Niger Company, tó gòkè wá sí Kabba, àwọn Núpé tó pabùdó síbẹ̀ sá, wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bida lóṣù yẹn kan náà.

Ìgbà tí lẹ́tà yín dé ni mo tó fi ọdún méjèèjì síra, Bàbá, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin márùn-ún kú ní London, ìwé ìròyìn gbogbo ayé gbé e, a mọ ohun tó wà nínú àpò wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Àwọn tí wọ́n kó láti Owé, láti Ìjùmú, láti Yàgbà lọ́dún yẹn náà, ta ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀? Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ṣì ní i lórí, orúkọ ẹni tí wọ́n mú lọ nínú ìdílé yín àti ibi tí wọ́n ti mú un, ẹ bá wa pe ọmọ tó lè kọ̀wé, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́ síbí. A máa tẹ̀ ẹ́ jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìbéèrè mi jẹ́ méjì. Ṣé àwọn ọmọ mi lè wo fíìmù yìí, ẹni ọdún 13 àti 10? Èkejì, arábìnrin kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní aṣẹ́wó ni gbogbo àwọn obìnrin yẹn, pé ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn mọ́ mi, àmọ́ mi ò mọ èsì tí màá fún un." (Ìyá ọmọ mẹ́ta, Lokoja)

Ti àwọn ọmọ, rárá o. Àwọn òyìnbó gan-an ní kẹ́ni tí ò tíì pé ọdún 18 má wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ jù.

Ti arábìnrin yín, ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn obìnrin náà fún yín, kẹ́ ẹ sọ wọ́n fún un. Ohun àkọ́kọ́ tí fíìmù fi tàn wá ni pé wọ́n kó àwọn ọmọge arẹwà síbẹ̀, tí gbogbo wọn mọ ara wọn tí wọ́n ń jẹun pọ̀. Kò sí ẹ̀rí pé wọ́n jọ mọra rí. Mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún ló sì ti lé ní ogójì ọdún, abiyamọ làwọn mẹ́ta, ẹgbẹ́ ìyá wa ni wọ́n.

Mary Ann Nichols, tí wọ́n ń pè ní Polly, ẹni ọdún 43, ọmọ márùn-ún ló bí. Ìgbéyàwó ẹ̀ tú, ọtí mú un, ó di ẹni tó ń sùn sílé àwọn aláìní. Lóru ọjọ́ tí Ọ́gọ́ọ̀sì parí, wọ́n lé e jáde níbi tó ń sùn torí kò ní kọ́bọ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń gba bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ owó ayé àtijọ́, tọ́rọ́ kan lé kọ́bọ̀ kan nìyẹn o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bá òun fi àyè òun sílẹ̀, òun máa rí owó náà láìpẹ́, ṣé wọn ò rí àkẹtẹ̀ tuntun tó wà lórí òun ni. Òòyà kan, áńkáṣíìfù funfun kan àti àfọ́kù dígí kan ni wọ́n bá lára ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé òkú ẹ̀ lọ.

Annie Chapman, ẹni ọdún 47, ìyàwó dírẹ́bà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹ̀ obìnrin kú lẹ́ni ọdún 12, ọkọ tí wọ́n ti pínyà ń fi ṣílè 10 ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀, nígbà tí ọkọ náà kú ní 1886 owó dúró, ó ń hun nǹkan tà, ó ń ta òdòdó. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń bá a jà. Òun náà, owó bẹ́ẹ̀dì ni ò ní tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Elizabeth Stride, ọmọ Sweden, òun àti ọkọ ẹ̀ ti ní ṣọ́ọ̀bù kọfí rí, ọjọ́ tó kú gan-an ó gbálẹ̀ ó nu yàrá fún wọn nílé tó ń sùn, sísì kan ni wọ́n san fún un.

Catherine Eddowes ló dùn mí jù. Òun àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé lọ ṣiṣẹ́ ìkórè oko ní Kent, wọn ò rí owó gidi bọ̀, ni wọ́n bá fi bàtà ọkùnrin náà dógò ní ṣílè méjì àti sísì kan, wọ́n fi ra oúnjẹ, tíì àti ṣúgà. Ní alẹ́ Sátidé ó mutí, ọlọ́pàá mú un lọ sí àgọ́ wọn ní Bishopsgate, wọ́n jẹ́ kó sùn títí ojú ẹ̀ fi dá, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lágogo kan òru. Ẹ wo aago tí wọ́n tú obìnrin sílẹ̀ nígbà tí apànìyàn ń rìn nílùú! Kò pé wákàtí kan sí i tí Watkins fi bá òkú ẹ̀. Agolo kékeré méjì wà lára ẹ̀, tíì wà nínú ọ̀kan, ṣúgà wà nínú èkejì, ó tún ní ìwé onídògò bàtà yẹn.

Mary Jane Kelly nìkan ló kéré, bí ọdún 25. Fíìmù ní ó bọ́, pé wọ́n pa ẹlòmíì dípò ẹ̀, ó wá ń gbé létí òkun pẹ̀lú ọmọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín sunkún ayọ̀ níbẹ̀. Kò bọ́. Nòfẹ́ńbà 9, ọmọ iṣẹ́ onílé lọ bá a pé kó san owó ilé tó jẹ, ṣílè 29, ó yojú wo inú yàrá lójú fèrèsé, òkú ló rí.

Hallie Rubenhold, òpìtàn tó tú ìwé ayé àwọn márààrún yẹ̀wò, tó sì gbé ìwé jáde ní 2019, ní òun ò rí ẹ̀rí tó dúró pé mẹ́ta nínú wọn ṣe aṣẹ́wó rárá, pé àwọn ọlọ́pàá àti oníròyìn kàn rí obìnrin tálákà tó ń rìn lóru ni, wọ́n sì ti pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún arábìnrin yín pé ká tiẹ̀ ní gbogbo wọn ló ṣe é, ebi àti owó bẹ́ẹ̀dì ló gbé wọn jáde lóru, ẹni tó gbé ọ̀bẹ ló jẹ̀bi. Kò sí ẹsẹ Bíbélì tó ní kí wọ́n pa obìnrin torí kò ní kọ́bọ̀ mẹ́rin. Inú sì bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, mi ò fi bò.

"Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé DNA ti tú u fó, pé onígbàjámọ̀ ará Poland kan ni. Ṣé ẹjọ́ ò ti parí?" (Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Lokoja)

Kò parí. Ìborùn kan ni wọ́n gbé jáde ní 2014 tí wọ́n ní ti Eddowes ni, pé DNA ara ẹ̀ bá ìdílé Aaron Kosminski mu, onígbàjámọ̀ Júù láti Poland tí wọ́n gbé lọ sílé àwọn alárùn ọpọlọ ní 1891. Lóòótọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Macnaghten ti kọ orúkọ Kosminski sílẹ̀ ní 1894 pẹ̀lú ti Druitt àti Ostrog pé àwọn tó ṣeé fura sí nìyẹn. Àmọ́ gbogbo nǹkan tí wọ́n bá lára Eddowes ni wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, dórí àkísà, dórí ìbọ̀wọ́ pupa kan ṣoṣo, dórí agolo tíì tí mo sọ lókè yẹn, kò sí ìborùn kankan nínú ìwé náà. Aṣọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti fọwọ́ kàn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, DNA ta ni ò ní wà lára ẹ̀? Tí wọ́n bá fi ẹ̀rí tó dúró hàn lọ́jọ́ kan, ojú ìwé yìí kan náà ni màá ti kọ ọ́ fún yín.